Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Bí A Ti Ń Mọ Bí Ọ̀nà Òfúrufú Ti Jìn Tó

Ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn òbí ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní Awẹ́ nígbà tí ọmọ wọn bá ń múra àtilọ sí òkè òkun: ibi tí ọmọ yìí ń lọ, báwo ni ó ti jìn tó? Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọmọ náà bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan lè dáhùn pé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ni. Ẹlòmíràn lè wí pé 5,000 kìlómítà ni. Ẹni kẹta, tí ó ti lọ tí ó sì ti bọ̀, lè mi orí kí ó sọ pé ọjọ́ méjì gbáko ni òun fi wà lójú ọ̀nà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó purọ́. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn ń wọ̀n.

Èkíní ni bí ìlú méjì ti jìnnà sí ara wọn lórí ilẹ̀ ayé. Èkejì ni ọ̀nà tí ọkọ̀ òfúrufú tọ̀ láti ìlú kan dé èkejì. Ẹ̀kẹta ni àkókò, owó àti wàhálà tí arìnrìn-àjò ná kí ó tó gúnlẹ̀. Èkíní kì í yí padà. Bí ilẹ̀ ayé ti rí ni ó wà. Èkejì àti ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, lọ́wọ́ òfin, lọ́wọ́ owó àti lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Olùkọ́ tí kò bá ya àwọn mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀ yóò da ọ̀rọ̀ náà rú lójú akẹ́kọ̀ọ́. Òbí tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lè máa dá jíjìn ọ̀nà lẹ́bi ohun tí jíjìn ọ̀nà kò ṣe.

Ayé Róbótó, Máàpù Pẹrẹsẹ

Ọ̀nà ilẹ̀ kì í tọ́ bí ọfà. Ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn gba Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́ ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, nítorí pé ìlú ni ó ń tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń yẹra fún òkè àti àbàtà. Ọkọ̀ òfúrufú kò nílò afárá, kò sì ní ìletò kan tí ó gbọ́dọ̀ yà sí kí ó tó kọjá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ńṣe ni ó ń lọ tààrà bí okùn tí a nà láàrin igi méjì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá ṣeé ṣe láti na okùn tààrà láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, inú ilẹ̀ ni okùn náà yóò gbà kọjá; nígbà tí ó bá dé agbedeméjì, yóò ti wọlẹ̀ tó nǹkan bí 480 kìlómítà. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè gba ibẹ̀. Lórí ohun róbótó, ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Ọsàn kan àti òwú kan tó láti fi èyí hàn nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ sàmì sí ibi méjì lára ọsàn, kí ó di òwú mọ́ àmì kìn-ín-ní, kí ó sì fà á dé èkejì títí tí òwú náà yóò fi le. Ipa tí òwú bá tọ̀ nígbà tí ó bá le dáadáa ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàrin àmì méjèèjì. Bí a bá wá mú ọ̀bẹ, tí a tọ ipa òwú náà gé ọsàn yí ká, ọ̀bẹ yóò gba àárín gbùngbùn ọsàn kọjá, ọsàn yóò sì pín sí méjì ọgbọọgba. Ìlà yípo tí ó lè pín ayé sí méjì ọgbọọgba lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni a ó pè ní òbírí ńlá nínú àlàyé yìí. Nígbà tí ìwé bá sọ pé iye kìlómítà báyìí ni ìlú kan fi jìnnà sí èkejì lójú òfúrufú, apá kan òbírí ńlá ni ó wọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni máàpù ara ògiri. Ènìyàn kò lè bó èèpo ọsàn kí ó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láìjẹ́ pé ó ya tàbí kí ó fẹ̀ níbi tí kò yẹ. Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ ya ayé róbótó sí ara bébà. Ní ọdún 1569, Gerardus Mercator ya máàpù kan fún àǹfààní àwọn atukọ̀ ojú òkun. Ó ya á lọ́nà tí atukọ̀ lè fi máa tọ́ka sí ìhà tí ó yẹ kí ó kọrí sí, ṣùgbọ́n ohun tí ó san fún àǹfààní yìí ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé sí, bẹ́ẹ̀ ni máàpù náà ń fẹ̀ ẹ́ sí. Lórí rẹ̀, erékùṣù Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá.

Àṣìṣe yìí kan ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé rúlà lé irú máàpù bẹ́ẹ̀, tí ó wọ̀n láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì fi òṣùwọ̀n tí ó bá ìlà agbedeméjì ayé mu ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 6,000 kìlómítà ni yóò rí. Ó ti fi 1,000 kìlómítà lé òtítọ́. Rúlà kò purọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ya ọ̀lẹ. Máàpù tí ó lò ni a kò ṣe fún irú iṣẹ́ tí ó gbé fún un.

Ìṣirò Tí Kò Ju Agbára Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ

Àwọn onímọ̀ pín ayé pẹ̀lú ìlà méjì. Ìlà ìbú ni èyí tí ó ń sọ bí ibì kan ti jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ìlà òòró ni èyí tí ó ń sọ bí ibì kan ti jìnnà tó sí ìlà tí ó gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá, yálà sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn. Ìlà Greenwich yìí kan náà ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá gba Tema kọjá ní Gáńà. Dígírì ni a fi ń ka méjèèjì, 360 dígírì sì ni ó yí ayé ká.

Bí a bá yí ayé po láti àríwá dé gúúsù kí a sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 40,000 kìlómítà géérégé. Ìdí tí iye náà fi gún régé bẹ́ẹ̀ ni pé ara ayé gan-an ni wọ́n ti mú ìwọ̀n mítà. Ní ilẹ̀ Fáransé, láàrin ọdún 1790 sí 1799, àwọn onímọ̀ pinnu pé kí mítà kan jẹ́ ìdá kan nínú 10,000,000 ọ̀nà tí ó ti ìlà agbedeméjì ayé dé ìkángun ayé ní àríwá. Bí a bá wá fi 360 pín 40,000, a ó rí i pé dígírì kan lórí òbírí ńlá jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà.

Pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà wà ní nǹkan bí dígírì 6 ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí dígírì 51 ààbọ̀ sí àríwá. Ní ti ìlà òòró, dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ ni Ìkẹjà fi wọ ìhà ìlà oòrùn Greenwich, Heathrow sì wà ní nǹkan bí ààbọ̀ dígírì sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí èkejì tààrà. Nítorí náà, ìyọkúrò lásán ti tó. Bí a bá yọ 6 ààbọ̀ kúrò nínú 51 ààbọ̀, ó ku 45. Bí a bá fi 111 sọ 45 di púpọ̀, ó di 4,995. Àwọn tí ó fi ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ó ju èyí lọ kò rí ju 5,000 kìlómítà, díẹ̀ lókè tàbí díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí iye dígírì náà. 45 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ 360. Ẹni tí ó bá fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ti yí ìdá kan nínú mẹ́jọ ayé ká. Àwọn awakọ̀ òfúrufú àti atukọ̀ ojú òkun ní òṣùwọ̀n tiwọn tí ó tún mú ìṣirò yìí rọrùn sí i, èyí ni máìlì òkun. Wọ́n pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máìlì òkun kan, èyí tí í ṣe 1,852 mítà. 45 lọ́nà 60 jẹ́ 2,700. Máìlì òkun 2,700 ni ó wà láàrin Ìkẹjà àti Heathrow.

Ìṣirò kan náà sọ ohun kan fún àwọn ará Akínmọ̀ọ́rìn tí ó lè ya púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Akínmọ̀ọ́rìn wà ní àríwá Ìkẹjà, ní nǹkan tí ó kù díẹ̀ kí ó tó dígírì 8. Èyí túmọ̀ sí pé Akínmọ̀ọ́rìn sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Ìkẹjà lọ ní ìwọ̀n tí ó ju 100 kìlómítà. Ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù títí dé Ìkẹjà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfúrufú yóò tún gbé e padà sí àríwá, tí yóò sì tún bá ìlú rẹ̀ dọ́gba kí ó tó tẹ̀ síwájú.

Kì í ṣe gbogbo ìlú méjì ni ìyọkúrò lásán tó fún. New York wà ní nǹkan bí dígírì 74 sí ìwọ̀ oòrùn Greenwich, nítorí náà ìlà ìbú àti ìlà òòró ni ó yàtọ̀ sí ti Èkó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí wọ́n ti jìnnà síra gbọ́dọ̀ lo sáìnì àti kósáìnì, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ìparí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìdáhùn rẹ̀ ni nǹkan bí 8,440 kìlómítà. Ti Èkó sí Houston ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 10,470 kìlómítà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ǹjẹ́ gíga tí ọkọ̀ òfúrufú ń gòkè kò fi kún ọ̀nà? Ó fi kún un, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ọkọ̀ ńlá a máa fò ní nǹkan bí kìlómítà 11 sókè. Àárín gbùngbùn ayé sí ojú ilẹ̀ jẹ́ 6,371 kìlómítà. 11 tí a fi kún un kò tó nǹkan. Lórí gbogbo ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí fífò lókè báyìí fi kún un kò tó kìlómítà mẹ́wàá.

Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Títí di ibí yìí, jíjìnnà ìlú sí ìlú ni a ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n mímọ bí ìlú méjì ti jìnnà síra kò túmọ̀ sí mímọ ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà débẹ̀. Ìtàn ìrìn-àjò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fi èyí hàn kedere.

Kí bàálù tó gbilẹ̀, ojú òkun ni ọ̀nà. Ọkọ̀ òkun Elder Dempster a máa kó lẹ́tà, ẹrù àti èrò láàrin Èkó àti Liverpool. Nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ni Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó gbé lọ kàwé. Ọkọ̀ òkun kò lè la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ó ní láti yí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ká kí ó tó kọrí sí àríwá, nítorí náà ìrìn rẹ̀ gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọdún 1936 ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways so Nàìjíríà mọ́ ọ̀nà òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣe tààrà. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kéré, epo inú wọn kò lè gbé wọn jìnnà, wọ́n sì ní láti máa sọ̀ kalẹ̀ lóòrèkóòrè. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà àti èrò gba Íjíbítì lọ sí Khartoum ní Sudan. Láti Khartoum, ọkọ̀ mìíràn yà sí ìwọ̀ oòrùn wá sí Kánò, ó sì ti Kánò sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Bí a bá ro ìwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù sí Káírò, Káírò sí Khartoum, Khartoum sí Kánò, àti Kánò sí Èkó pọ̀, ó ju 8,500 kìlómítà lọ. Ìlú méjèèjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà. 5,000 kìlómítà ni ó wà láàrin wọn nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lónìí. Àìlágbára ọkọ̀ ni ó fi 3,500 kún un.

Ipò Kánò nínú ìtàn yìí kì í ṣe èèṣì. Kánò sún mọ́ Yúróòpù ju Èkó lọ. Nǹkan bí 4,450 kìlómítà ni ó fi jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí ó bá ti la aṣálẹ̀ kọjá tí epo rẹ̀ sì ń lọ sópin yóò yọ̀ láti rí i. Ìdí nìyí tí Kánò fi jẹ́ ẹnu-ọ̀nà òfúrufú pàtàkì fún Nàìjíríà fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ayára-bí-àṣá tí ó lè fò láti òpin dé òpin láìsọ̀ kalẹ̀ wá dé, Èkó gba ipò náà. Ní ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbé èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1979 ni wọ́n ṣí pápákọ̀ Murtala Muhammed tuntun ní Ìkẹjà. Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Air Peace, ilé-iṣẹ́ aládàáni ti Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ìrìn tààrà láti Èkó sí pápákọ̀ Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù.

Afẹ́fẹ́ àti Epo

Ọkọ̀ òde òní pẹ̀lú kì í sábà tọ òbírí ńlá láìyà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń yí i ni afẹ́fẹ́. Ní òkè réré, lójú òkun tí ó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìjì líle kan wà tí ó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ọkọ̀ tí ó ń ti New York bọ̀ wá sí Èkó lè gùn ún bí ẹni gun ẹṣin fún apá kan ìrìn rẹ̀. Èyí tí ó ń lọ yóò dojú kọ ọ́. Nítorí náà, lílọ sábà máa ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iye kìlómítà kan náà ni. Ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Nítorí pé àríwá àti gúúsù ni ó gbà, ẹ̀gbẹ́ ni ìjì náà ti ń kọlù ú. Lílọ àti bíbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Awakọ̀ kì í ṣírò epo rẹ̀ lórí ìwọ̀n inú ìwé. Ọ̀nà tí yóò tọ̀ gan-an ni ó ń ṣírò, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà. Òfin sì tún pa á láṣẹ pé kí ó gbé epo tí yóò mú un dé pápákọ̀ mìíràn bí ti ibi tí ó ń lọ kò bá gbà á, àti epo tí yóò fi fò fún 30 ìṣẹ́jú sí i. Ẹni tí ó bá ti rí bí eruku ọyẹ́ ti ń bo Ìkẹjà mọ́lẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yóò mọ̀ pé òfin náà kò ṣàṣejù.

Ojú Ọ̀run Pẹ̀lú Ní Ẹnubodè

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Fún ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọkọ̀ òfúrufú, ojú ọ̀run ní ẹnubodè gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ní. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní ọdún 1944 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ni ó ní òfúrufú tí ó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí àlejò gbà á kọjá, ó sì lè tì í pa.

Ìlà tí ó kúrú jù lọ láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù gba ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó wọ Bẹ̀nẹ̀, ó gba ìwọ̀ oòrùn Niger àti ìlà oòrùn Mali, ó la Àlgéríà àti aṣálẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó dá òkun Mẹditaréníà, ó sì gba Sípéènì àti Fáransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti òfúrufú ilẹ̀ náà pa; oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún kan náà ti ti ti ibẹ̀ pa ṣáájú. Àwọn ọkọ̀ tí ó ń rìn láàrin Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà ní láti yí gba ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń jó epo sí i, àkókò wọn sì ń gùn sí i. Kò sí ìlú kan tí ó ṣí kúrò níbi tí ó wà.

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti òfúrufú rẹ̀ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Yúróòpù, ìrìn láti Helsinki sí Tokyo, tí ó jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, di nǹkan bí wákàtí mẹ́tàlá.

Nígbà mìíràn, òfin a máa gba àárín ìlú méjì láìfọwọ́ kan ojú ọ̀run. Ní ọdún 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ìrìn tààrà láàrin pápákọ̀ Èkó àti Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mú un kúrò. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí ó ń lọ sí New York ní láti yà sí ìlú mìíràn kí ó tún ọkọ̀ wọ̀. Owó pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ United bẹ̀rẹ̀ ìrìn tààrà láti Houston sí Èkó. Ní 2016, ó dá a dúró. 10,470 kìlómítà kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Houston rí i pé ilé ti jìnnà sí i ju ti àná lọ.

Ohun Tí Ó Jìnnà Gan-an

Ẹ̀kẹta nínú àwọn òṣùwọ̀n wa ni ó kù, òun ni ó sì kan àwọn ará ilé jù. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé arìnrìn-àjò kan láti Akínmọ̀ọ́rìn. Ọ̀nà rẹ̀ sí Ìkẹjà kò tó 200 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dára, ó lè lo wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá bọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, kò sí ẹni tí ó lè sọ. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, ọ̀pọ̀ a máa sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ó tún gbọ́dọ̀ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra. Lẹ́yìn náà ni ó tó fo 5,000 kìlómítà ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Nínú gbogbo àkókò tí ó lò, èyí tí ó ju ìdajì lọ ti tán kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ Ìkẹjà. Ẹni tí ó wí pé ọjọ́ méjì ni òun lò kò ṣàṣọdùn.

Aago pẹ̀lú yẹ ní kíkíyèsí. Oòrùn ń tọ ìlà òòró, kì í tọ kìlómítà. Nítorí pé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà, aago wọn kì í yàtọ̀ ju wákàtí kan lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan náà ni. Houston fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn. Ìyá tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ yóò bá a nídìí oúnjẹ alẹ́. Èyí tí ó bá pe ti Houston ní àkókò kan náà yóò bá a lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán.

Nígbà tí bàbá bá kú ní Akínmọ̀ọ́rìn, tí ọmọ tí ó wà lókè òkun kò sì lè dé kí wọ́n tó sin ín, ohun tí àwọn ènìyàn ń wí ni pé ọ̀nà jìn. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Bí ọkọ̀ bá lọ tààrà, kò sí ìlú kan nínú Lọ́ńdọ̀nù, New York àti Houston tí ó ju ìrìn ọjọ́ kan lójú òfúrufú lọ. Bí ọmọ náà kò bá lè dé, ó lè jẹ́ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni kò tó, tàbí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jáde kí ó sì padà wọlé, tàbí pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò fún un láàyè, tàbí pé ọkọ̀ tààrà tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ìwọ̀nyí ti wá, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì lè tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá ti kà sí ìwà ilẹ̀ ayé, kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ó tún un ṣe.

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ fi ọsàn àti òwú bẹ̀rẹ̀, kí ó tó mú máàpù jáde, kí ó sì fi ìròyìn ojú ọ̀nà parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ayé ni ó wà láàrin Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ti mọ ohun tí kò ní yí padà. Ó lè wá máa bèèrè nípa gbogbo ohun yòókù tí ó lè yí padà.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí ìyọkúrò ìlà ìbú fi tó láti mọ bí Èkó ti jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sì tó fún Èkó sí New York?

2. Bí a bá mọ̀ pé ìlú kan wà ní dígírì 36 ààbọ̀ sí àríwá, tí ó sì wà lórí ìlà òòró kan náà pẹ̀lú Ìkẹjà, kìlómítà mélòó ni ó fi jìnnà sí Ìkẹjà? Máìlì òkun mélòó ni?

3. Ẹ ṣàlàyé bí rúlà àti máàpù Mercator ṣe lè fi 1,000 kìlómítà lé ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù.

4. Nínú àwọn ohun tí ó mú kí ìrìn-àjò pẹ́, èwo ni ó ti ọwọ́ ilẹ̀ ayé wá, èwo ni ó sì ti ọwọ́ ènìyàn wá? Ẹ fi àpẹẹrẹ ìrìn-àjò láti ìlú yín gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀.